Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Kò Bá Kí

Wilf Tansley ló kọ́ mi ní àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà kiri abúlé Thrupley,
kò sí ajá tí kò mọ òórùn ṣòkòtò rẹ̀,
kò sí géètì tí òun náà kò mọ igbe rẹ̀.
Ó ya máàpù fún mi sẹ́yìn àpò ìwé kan,
kò kọ orúkọ kankan sí i.
Ó ní, "Yà níbi tí igi óákù méjì ti ń bára wọn jiyàn.
Bí o bá ti gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀, o ti kọjá ibẹ̀."

Òwúrọ̀ Sátidé. Òtútù ń já mi létí
bí ọmọ ajá tó ń hu eyín.
Mo fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mo so okùn bàtà mi
lójú àwọn òkú, tí wọn kì í béèrè ibi tí mò ń sáré lọ.
Aago orí ilé gogoro fi ìṣẹ́jú méje yá ju ti gbogbo ayé lọ.
Kò sẹ́ni tó fẹ́ tún un ṣe,
ó ti mọ́ wa lára ká máa pẹ́.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń tàn mí,
ó ní ọmọ ogún ọdún ṣì ni mí.
Lẹ́yìn afárá rélùwéè tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́,
Òkè Hannock dìde dúró.
Mi ò gùn ún tán rí láì bú ẹnì kan.
Lónìí, ọkọ mi àtijọ́ ni mo bú,
èébú náà sì gbé mi dé ìdajì.
Àwọn àgùntàn gbójú sókè, wọ́n wò mí
bí ìjọ ṣe ń wo ẹni tó pẹ́ dé,
wọ́n padà sẹ́nu oúnjẹ wọn.

Pápá Harbottle nìyí.
Nígbà ìwọ́wé, ó fi katakata túlẹ̀ já ojú ọ̀nà,
ó gbin àlìkámà, ó ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún,
ó ní òun ò rí ẹsẹ̀ ènìyàn níbẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá òun ti kú.
Irọ́ ni, Wilf wí.
Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí wọ́n kọ sí i nígbà náà,
ọ̀nà yìí ni mo fi rù wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Dókítà ló kọ́kọ́ lé mi síta, mi ò purọ́,
torí ikùn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ṣùgbọ́n ọ̀nà ló ní kí n má padà sílé.
Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá kí, èsìsì á gbà á,
lẹ́yìn èsìsì, wáyà,
lẹ́yìn wáyà, ìwé agbẹjọ́rò,
títí ọmọdé kan á fi béèrè pé
ṣé ibí yìí tilẹ̀ já síbì kankan rí?

Mo tẹ̀ ẹ́.
Ìrì orí àlìkámà fọ ṣòkòtò mi dé orúnkún.
Ẹrẹ̀ gba bàtà òsì lẹ́sẹ̀ mi, mo padà lọ fà á yọ,
ó dún bí ìgbà tí ìyá àgbà bá fẹnu koni lẹ́rẹ̀kẹ́.
Harbottle dúró ti katakata, ó káwọ́ lérí àyà.
Mo juwọ́ sí i. Kò dáhùn.
Ṣùgbọ́n wáyà tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá,
ẹnì kan ti gé e,
ó ti ká a rógódó sẹ́bàá ọgbà.
Mi ò bi í. Kò sọ.

Ní géètì ìkẹyìn, Wilf wà lórí àga aláṣọ,
orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ fún un nà gbọọrọ níwájú rẹ̀,
fúláàsì tíì lápá kan, aago eré ìje lọ́wọ́.
"Èló ni mo sá a?" Èémí ń fọn fèrè láyà mi.
Ó wo aago. Ó wò mí. Ó tún wo aago.
Àwòdì kan ló ń wò, kò rántí tẹ bọ́tìnì.
"Ó sàn ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ," ó wí, ojú ò tì í,
ó bu tíì fún mi,
ó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí odò níwájú:
"Tó bá di Sátidé tó ń bọ̀, ibẹ̀ yẹn ni kí o ti retí mi."